Òrùka Pupa Inú Òkúta Nùrẹ́nì

Ojú mi kòrókòró ló ṣe. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo sùn lọ ni. Ọ̀sán gangan ni, mo sì ti mu tíì ife méjì.

Àjíbíkẹ́ lorúkọ mi. Láàbù kan ní Okota ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Òkúta tí àwọn dókítà bá yọ nínú àpò ìtọ̀ aláìsàn ni wọ́n ń kó wá bá wa. A ó là á sí méjì, a ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà ní ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò lè rí. Òun ló máa ń fi àwọ̀ ya ohun tó di òkúta náà sójú kọ̀ǹpútà. Funfun ni ti àìsàn kòkòrò. Pupa ni ti oúnjẹ bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀.

Ó lé lọ́dún méjì tí wọ́n yọ òkúta lára Nùrẹ́nì, ọkọ mi. Kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tó fi kú. Lọ́jọ́ fídáù ọjọ́ kẹjọ, nílé wọn ní Ìsọlọ̀, Àǹtí Rùkáyátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nawọ́ sí mi lójú gbogbo èèyàn.

"Ìyàwó, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ rẹ ló pa á."

Kò sẹ́ni tó gbèjà mi. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn mi mọ́. Ó dùn mí wọra.

Mo tọ́jú òkúta náà sínú ìgò, mo fi tépù lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Dókítà ti kọ bó ṣe tóbi tó sára ìgò: mìlímítà mẹ́sàn-án. Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun yìí dé, mo ní lónìí ni màá mọ òótọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Àwọn yòókù ti lọ kírun, ó ku èmi àti Dámilọ́lá, àbúrò tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Mo tú tépù. Mo wọn òkúta náà.

Mìlímítà méjìlá.

Mo tún wọ̀n ọ́n. Méjìlá náà ni. Òkúta kì í dàgbà nínú ìgò.

Mo là á, mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Àwòrán ń jáde díẹ̀díẹ̀, òrùka nínú òrùka, bí àlùbọ́sà. Pupa. Pupa. Pupa títí dé ìta.

Háà! Àǹtí Rùkáyátù, ṣé ẹ̀yin lẹ wá jàre ni?

Dámilọ́lá yọjú lẹ́yìn mi. Kò mọ ẹni tó ni òkúta.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá aláìsàn yìí sọ̀rọ̀ o. Kò tíì fi tẹ̀tẹ̀ sílẹ̀."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Àwọn òrùka ìta yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dì ni. Ó ṣì ń jẹ ẹ́."

Mo fẹ́ sọ pé ó ti kú. Mo kàn pa ẹ̀rọ náà ni.

Mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí. Ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, mo ṣì máa ń se tẹ̀tẹ̀. Ẹ má bú mi, èmi nìkan ni mo wà nílé. Mo máa ń bu ti Nùrẹ́nì sínú abọ́ rẹ̀, màá dé e, màá gbé e síwájú àga rẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́, màá fọ abọ́.

Mo ronú títí ní láàbù. Mi ò rántí ìgbà kankan tí mo da ẹ̀fọ́ náà nù.

Mo ti délé, ilẹ̀ ti ń ṣú báyìí. Tẹ̀tẹ̀ tí mo rà ní Òṣòdì wà níwájú mi, mo ti já a tán. Tó bá jẹ́ òun ló pa á, ṣé ó yẹ kí n tún sè é? Tí mi ò bá sì sè é, ta ni yóò wá sílé yìí?

Mo gbé ìkòkò kaná. Abọ́ Nùrẹ́nì ti wà lórí tábìlì, níwájú àga rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo gbé e síbẹ̀.