Ìyàwó Tí Àtọ́kẹ́ Fẹ́ fún Ọkọ Rẹ̀

Ọjà'ba ni Àtọ́kẹ́ àti ọkọ rẹ̀ ti pàdé, ojú mi báyìí ló sì ṣe. Ọdún tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn ni, tí gbogbo ayé ń sáré lọ wò ó. Èmi Èjìdé kò lọ síbì kankan. Òrí ni mo ń tà, oòrùn sì ń yọ́ ọ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ mi ni Àtọ́kẹ́ jókòó sí, òun ń ta òwú aláwọ̀ oríṣiríṣi. Ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré. Ó rẹwà, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni Àkíbù yọ sí wa. Ọmọ àdúgbò Bẹyẹrunkà ni, ọnà ló ń fi abẹ́rẹ́ ṣe sí ọrùn agbádá, a ti máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ kí a tó mọ̀ ọ́n. Ó mú ìdì òwú kan, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó ń yí i síwá, ó ń yí i sẹ́yìn, bí ẹni tó ń lálàá láì sùn.

Àtọ́kẹ́ wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ ra òwú yìí ni àbí ẹ fẹ́ fi ṣaya?"

Kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo fẹ́ rà á ni. Èyí tí mo fẹ́ fi ṣaya, òun ló ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí."

Mo gbá ẹnu mú. Àtọ́kẹ́ tó máa ń fèsì kí èèyàn tó parí ọ̀rọ̀, òwú tó ti tò tẹ́lẹ̀ ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Àkíbù lọ tán, ó gbàgbé láti pe ẹni tó ń bọ̀ wá rajà. Èmi ni mo bá a ta gbogbo òwú tó tà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kúbúrá, ẹ̀gbọ́n Àkíbù obìnrin, kò fẹ́. Ó ní ọmọ tí ẹnu rẹ̀ mú tó báyìí kò lè gbélé ọkọ. Àkíbù ní ẹnu náà gan-an lòun rí tóun fi fẹ́ ẹ. Wọ́n so yìgì fún wọn nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Èmi náà rí ọkọ sí agbo ilé tó fara kan tiwọn, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé yẹn tí n kò mọ̀. Ẹ má bi mí léèrè bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ìfẹ́ wọn dùn ún wò. Ní ìrọ̀lẹ́, Àkíbù á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú agbádá lórí ẹsẹ̀, Àtọ́kẹ́ á jókòó tì í, á máa fi òwú sí abẹ́rẹ́ fún un, wọn á sì máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Tí mo bá ń gbé omi kọjá, ẹ̀rín wọn á bá mi dé ẹnu ọ̀nà ilé wa. Àwọn ẹgbẹ́ Àkíbù ti ní ìyàwó mẹ́ta, mẹ́rin. Òun kò fẹ́ ẹlòmíì, yàrá kan náà sì ni òun àti Àtọ́kẹ́ ń sùn. Wọ́n bí Gàníyù, wọ́n tún bí obìnrin tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n lọ sí ilé wọn. Nígbà míì tí mo bá rántí àwọn ọdún yẹn, ó máa ń dà bí ohun tí mo rí lójú àlá.

Ìgbà tí wọ́n ń kó òkúta gun òkè Mápó, tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ gbọ̀ngàn ńlá, ni nǹkan yí padà. Àkíbù ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ọyẹ́ ọdún yẹn lágbára. Gbogbo ìlú rí bàìbàì, òrùlé àdúgbò Bẹ̀rẹ̀ dà bí ohun tó léfòó sínú èéfín. Gbogbo wa ń gbọ̀n, Àkíbù ń làágùn. Á bọ́ dàńṣíkí sọnù, òógùn á máa ṣàn lẹ́yìn rẹ̀, kò ní pẹ́ tí òtútù á tún bẹ̀rẹ̀ sí í mú un.

Ara tó yí yẹn ṣì sàn. Ìwà tó yí ló burú jù. Ó lè pariwo mọ́ gbogbo ilé nítorí pé wọn kò dé ìkòkò omi dáadáa. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹ ó rí omi lójú rẹ̀ nítorí adìyẹ tí àṣá gbé ọmọ rẹ̀. Ó tú ọnà ọrùn agbádá kan tó ti ń ṣe bọ̀ láti ìgbà òjò, ó ní kò dára. Irọ́ ni. Mo rí agbádá yẹn, ó dára ju èyí tó wà lọ́rùn baálẹ̀ lọ.

Àwa obìnrin mọ̀ pé ara wa máa ń yí. Ìyá wa ti sọ fún wa tipẹ́ pé ooru yóò mú wa, pé inú yóò máa bí wa láìnídìí, pé a óò kọjá rẹ̀. Ta ló sọ fún wa pé ọkùnrin náà ní tirẹ̀?

Nígbà tó yá, Àkíbù gbé ẹní rẹ̀ kúrò nínú yàrá, ó tẹ́ ẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní ooru ni. Àtọ́kẹ́ fi ìrẹ̀lẹ̀ bi í pé kí ni òun ṣe, ó ní kó fi òun sílẹ̀ jàre. Ọkùnrin tí kì í fẹ́ fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ kó tilẹ̀ lọ ra iyọ̀!

Àtọ́kẹ́ wá bá mi nílé. Ó tú gèlè, ó dúró sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Èjìdé, wò mí dáadáa, má ṣe tàn mí. Ṣé mo ti gbó tó bẹ́ẹ̀?"

Mo ní kò gbó. Òótọ́ ni mo sọ, àmọ́ kò gbọ́. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún débi pé èmi náà bá a sun díẹ̀.

Kúbúrá ní tirẹ̀ ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Ó pe àwọn ẹbí jọ, ó ní ọkùnrin tó bá ń ṣe báyìí ní ọjọ́ orí yìí, ìyàwó tuntun ló ń wá, ojú Àtọ́kẹ́ ló ń tì í. Gbogbo wọn gbà. Wọ́n wá yíjú sí Àtọ́kẹ́. Iyì ńlá ni nílé wa kí obìnrin fúnra rẹ̀ lọ fẹ́ ìyàwó fún ọkọ rẹ̀. Kò ní sí ẹni tó máa pè é ní òjòwú, ìyàwó kékeré á sì mọ ẹni tó mú òun wọlé. Àtọ́kẹ́ ní òun yóò lọ. Mo bínú sí i gan-an. Mo ní kó lọ bi ọkọ rẹ̀ léèrè ná. Ó ní òun ti bi í, kò dá òun lóhùn, pé tó bá jẹ́ ìyàwó tuntun ló máa dá ẹ̀rín padà sí i lẹ́nu, kó máa bọ̀.

Ó gbé obì lọ sílé Àfáà Yésúfù nítòsí Òkè Padre, ó kúnlẹ̀, ó tọrọ Sìdí, àbígbẹ̀yìn Àfáà tí ọkọ rẹ̀ kú. Wọ́n gbà. Sìdí náà gbà, nítorí ó fẹ́ràn Àtọ́kẹ́. Kúbúrá ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Àkíbù títí ọ̀rọ̀ yóò fi délẹ̀, kí ojú má baà tì í.

Àtọ́kẹ́ wá ń kó kúrò nínú yàrá rẹ̀, torí òun ni yàrá tí atẹ́gùn ti ń wọlé, ó ní ìyàwó ló yẹ kó gbà á. Ó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé. Èmi ni mo ń bá a gbé e, mo sì ń kùn. A gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ kọjá níwájú Àkíbù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bi í pé níbo ló ń gbé ẹrù lọ.

Àtọ́kẹ́ sọ apẹ̀rẹ̀ náà kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Olówó orí mi, mo ti fẹ́ ìyàwó fún yín. Sìdí ọmọ Àfáà Yésúfù ni. Mo gba yàrá sílẹ̀ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rẹ́rìn-ín."

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Àkíbù. Ó dìde, ó dé fìlà, ó jáde lọ. Kúbúrá tó ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ní ó ń lọ kí àwọn àna rẹ̀ ni. Àtọ́kẹ́ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ó yá a lẹ́sẹ̀ o, Èjìdé," ó sọ fún mi jẹ́jẹ́. "Mi ò mọ̀ pé yóò yá a lẹ́sẹ̀ tó bẹ́ẹ̀."

Ilé Àfáà ni Àkíbù lọ lóòótọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bó ṣe lọ fún wa lẹ́yìn náà. Ó jókòó síwájú bàbá náà, ó ń wo tẹ̀sùbáà Àfáà títí tó fi ka gbogbo ilẹ̀kẹ̀ rẹ̀ tán. Ó wá ní:

"Àfáà, mi ò lè gba ọmọ yín. Kò ṣẹ̀ mí. Ara mi ló kọ̀ mí sílẹ̀. Ìyàwó tí mo ní gan-an, ńṣe ni mo ń sá fún un, nítorí mi ò fẹ́ kó mọ̀."

Bàbá náà gbé tẹ̀sùbáà kalẹ̀. Ó wá bi í bóyá ooru ń mú un nínú ọyẹ́, bóyá ẹkún ń gbọ̀n ọ́n láìsí òkú. Àkíbù ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó ṣe èmi náà rí," Àfáà wí. "Mo rò pé èmi nìkan ni, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi ìbínú lé obìnrin kan lọ nítorí rẹ̀, obìnrin dáadáa. Ó kú sí ilé ẹlòmíì. Dìde, lọ sọ fún ìyàwó rẹ."

Ó ní kó fi Sìdí sílẹ̀ fún òun, òun á bá a sọ ọ́. Sìdí ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú ilé. Ó ní kí Àkíbù bá òun kí Ìyá Gàníyù.

Ìrọ̀lẹ́ ni Àkíbù padà dé, nígbà tí oòrùn pupa rẹ́súrẹ́sú nínú ọyẹ́. Kúbúrá dìde láti kí i kú oríire. Ó kọjá lára rẹ̀. Ó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ Àtọ́kẹ́ lérí, ó ń gbé e bọ̀ láàárín agbo ilé. Bàbá tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹrù obìnrin lórí! Àwọn tó ń gún nǹkan lódó dáwọ́ dúró.

Kúbúrá ní kí ni ìyẹn.

"Ẹrù ìyàwó ni, ẹ̀gbọ́n mi," Àkíbù dá a lóhùn. "Ìyàwó ń wọlé."

Ó gbé e títí dé yàrá tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Àtọ́kẹ́ wà níbẹ̀, ó ń gbálẹ̀ fún Sìdí. Ó yẹ kí n padà sẹ́yìn. Mi ò padà.

Ó sọ ẹrù kalẹ̀. "Àtọ́kẹ́ mi, mi ò wá ìyàwó. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ara mi ti yí, mi ò jẹ́ ọkùnrin tó o mọ̀ mọ́. Mo rò pé tó o bá mọ̀, wàá lọ."

Ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Àtọ́kẹ́. "Nítorí èyí lẹ ṣe fi mí sílẹ̀? Mo ti fẹ́ fi yín fún ẹlòmíì, Bàbá Gàníyù. Mo ti ń gbálẹ̀ de obìnrin míì." Inú bí i débi pé ó fi ìgbálẹ̀ náà lù ú láyà, ó tún lù ú, ó wá sọ ọ́ nù, ó dì mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún. Àkíbù náà ń sunkún.

Nígbà tí wọ́n sinmi, Àtọ́kẹ́ bi í bóyá yóò lọ lára rẹ̀. Ó ní Àfáà sọ pé ó lè pẹ́, pé ó sì lè má lọ tán.

"Kò burú," Àtọ́kẹ́ wí. "Tí inú bá ń bí yín, ẹ sọ fún mi pé inú ń bí yín. Tí ẹkún bá ń gbọ̀n yín, ẹ wá sun ún lọ́dọ̀ mi. Èwo ni ẹ gbé sọ́dọ̀ mi tí mo lé yín jáde?"

Àkíbù jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lójú gbogbo agbo ilé, ó ká ẹní rẹ̀, ó gbé e wọlé.