Àtàǹpàkò Ìyá Onídòdò

Orí bẹ́ẹ̀dì ni Fàsílátù ti bá òkú ìyá rẹ̀. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ararọ̀mí-Òwu tó sùn mọ́jú dé pẹ̀lú àpò ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì. Igbe tó ké ló kó gbogbo ilé jáde.

Ta ni kò mọ Ìyá Onídòdò ní Ìkirè? Ogójì ọdún ló fi dín dòdò, ọgbọ̀n ọdún nínú rẹ̀ ló fi gbé fúláàtì ìsàlẹ̀ nílé náà. Fúláàtì mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ayálégbé ló sì kún gbogbo wọn. Nígbà tí onílé kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ní àwọn ò gba owó ilé mọ́, títà ni àwọn ń ta fúláàtì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ra tirẹ̀ ló ni ín, gbogbo àwọn tó bá rà á yóò sì jọ ni àtẹ̀gùn àti kànga. Ayálégbé tí agbára rẹ̀ ò bá ká a, kó kó jáde lópin oṣù. Ọ̀rọ̀ burúkú ni, ẹ̀yin ará mi. Ẹni tó ti bí ọmọ sínú ilé, tó ti ibẹ̀ sin ọkọ, ẹ wá ní kó ra ilẹ̀kùn tó ń ti lójoojúmọ́.

Ìyá Onídòdò ti sọ ọ́ níbi ìpàdé pé òun ò rà, òun ò sì kó. Ìdí nìyẹn tí àwọn aládùúgbò fi ń sọ pé ìrònú ilé ló pa á.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Salome Adéròmọ́kun, tí wọ́n pè láti Àpòmù, ò bá wọn sọ̀rọ̀ ìrònú. Obìnrin tí kì í tètè sọ̀rọ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣí ẹnu òkú náà díẹ̀, ó rí òwú ìrọ̀rí láàárín eyín rẹ̀, ó sì rí i pé ètè ìsàlẹ̀ ti bẹ́.

"Ẹni tí ìrònú pa kì í jẹ òwú," ló sọ fún Sájẹ́ńtì Làtífù tó tẹ̀lé e wá.

Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí ti dé sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fẹ́ sin ín kí ìrun Alásàrí tó tó, bí ẹ̀sìn ṣe wí. Fàsílátù kúnlẹ̀, ó bẹ Salome pé kó má jẹ́ kí wọ́n gbé ìyá òun lọ síbi tí òun ò ti ní rí i sin. Ẹkún mìíràn tún wà nídìí ẹkún rẹ̀: Gàrúbà, aṣojú àwọn ọmọ onílé, ti fi ìwé kan hàn án láàárọ̀ náà, ó ní ìyá rẹ̀ ti tẹ̀ka sí i pé àwọn gbà láti kó jáde, ọjọ́ méje péré ló kù fún un.

Salome gba ìwé náà. Lóòótọ́, ìka wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó hàn kedere nínú ìnkì búlúù. Ìnkì búlúù wà lára àtàǹpàkò òkú náà pẹ̀lú.

Ó kọ́kọ́ pe Gàrúbà. Ọkùnrin náà ń làágùn. Ó ní Aṣéjìrè ni òun sùn, awakọ̀ tó gbé òun wá láàárọ̀ wà níta, ẹ bi í. Awakọ̀ náà sì jẹ́rìí sí i. Ta ló wá fún un ní ìwé? Ó ní Akọ̀wé ni, Bàbá Obadiah tó ń gbé òkè, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé. Salome bi í pé kí ni Akọ̀wé ń jẹ nínú ọ̀rọ̀ náà. Gàrúbà jẹ́wọ́ pé ẹni tó fẹ́ ra ìsàlẹ̀ ní kò sí ohun tó máa mú òun rà á àfi tó bá ṣófo. Bí Akọ̀wé bá bá wọn yí ìyá náà lọ́kàn padà, wọn á fi fúláàtì òkè tó ń gbé ta á lọ́rẹ.

"Ọ̀gá mi, èmi ò pààyàn," ni Gàrúbà wí. "Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani."

Bàbá Obadiah ní tirẹ̀ ò làágùn rárá. Ó ti wọ kóòtù. Akọ̀wé ìjọba ni fún ọdún márùndínlógójì, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa gba ìka àwọn àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé. Ó ní lẹ́yìn ìrun Ṣúbúhì ni Ìyá Onídòdò ránṣẹ́ pe òun pé ó ti rẹ òun, òun fẹ́ tẹ̀ka. Òun gbé páàdì ìnkì wá, ó tẹ̀ ẹ́ lójú òun, òun fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ló wí. "Mo kàn gbà á nímọ̀ràn ni."

Salome dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì padà sínú yàrá. Ó di ọwọ́ òkú náà mú, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó fi ìnkì sí àtàǹpàkò náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà funfun. Ohun tó jáde kò ju àbàwọ́n lásán lọ. Kò sí ìlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

"Fàsílátù, ṣé bí ọwọ́ ìyá ṣe rí nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀, ẹ̀rọ wọn ò rí ìka wọn mú. Gbígbóná ni wọ́n ti máa ń fọwọ́ mọ dòdò. Epo gbígbóná ti jẹ gbogbo ìlà ọwọ́ wọn tán."

Salome dìde. Inú ń bí i, ó sì mọ̀ pé inú ń bí òun.

Ó ní kí gbogbo ilé jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ní kí Gàrúbà àti Akọ̀wé tẹ̀ka sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún òun, tí Làtífù ti kọ sílẹ̀. Gàrúbà tẹ̀ ẹ́. Bàbá Obadiah fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Mo mọ̀wé, ọmọ mi. Sáìnì ni mo máa ń ṣe."

"Mo mọ̀, bàbá. Ẹ ṣáà bá mi tẹ̀ ẹ́."

Ó fọwọ́ kàn án fẹ́rẹ́, ó yí i, gbogbo rẹ̀ dàrú. Salome fi bébà mìíràn síwájú rẹ̀.

"Bí àgbẹ̀ bá tẹ irú èyí níwájú yín, ṣé ẹ máa gbà á?"

Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ìlà rẹ̀ sì hàn kedere. Salome gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí wọ́n ní ìyá tẹ̀. Ojú àpá kan dá gbogbo ìlà àtàǹpàkò náà sí méjì, bákan náà lórí bébà méjèèjì. Gàrúbà náà yọjú wò ó, ó sì mi orí.

"Ẹ gbọ́," ni Salome wí fún àwọn ayálégbé. "Ó ti fi ìrọ̀rí pa ìyá tán kó tó fa ọwọ́ wọn tẹ̀ mọ́ ìwé. Ìdí nìyẹn tí ìnkì fi wà lọ́wọ́ òkú. Àbàwọ́n ló jáde. Ẹlòmíràn ì bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún márùndínlógójì ni bàbá yìí fi ń dá ìka tí kò hàn padà fún àwọn àgbẹ̀. Kò lè gba ìka tí kò ní ìlà. Ó mú ìwé mìíràn, ó sì fi tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó lè dára."

Bàbá Obadiah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn.

"Ìyá Onídòdò ti gbọ́ pé mo ta yín," ló wí. "Wọ́n ní àwọn máa pariwo mi fún gbogbo ilé. Mo kàn ní kí wọ́n dákẹ́ ni. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ibo ni mo fẹ́ kó lọ?"

"Ibo làwa náà fẹ́ kó lọ?" ni obìnrin kan bi í láti ẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ le.

Làtífù mú un lọ. Dókítà ọlọ́pàá yẹ òkú wò níbẹ̀, ó kọ ohun tó rí sílẹ̀, wọ́n sì sin Ìyá Onídòdò kí wọ́n tó pe ìrun Alásàrí. Lẹ́yìn ìsìnkú, Fàsílátù tọ Salome wá.

"Ilé ńkọ́, mà?"

Ó wu Salome kó purọ́ fún un. "Ìwé tí wọ́n fẹ́ fi lé ẹ ti bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó lè fi í ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ onílé ṣì ń tà á, òfin ò ní kí n dá wọn dúró."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Gàrúbà fi dé, fóònù létí. Ó bi Salome, tìtìjú tìtìjú, pé ìgbà wo ni ọlọ́pàá máa yọ̀ǹda fúláàtì Akọ̀wé, ẹni tó fẹ́ fúláàtì tó ṣófo ti kúrò n'Ìbàdàn.

Fàsílátù wò ó. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi gbàjá, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà fúláàtì ìsàlẹ̀.

"Ẹ sọ fún ẹni tó ń bọ̀," ló wí, "pé èèyàn wà nílé."