Àwọn Ọ̀gágun Orí Tábìlì

Philippe to ìdérí ìgò mẹ́rìnlá sójú ọ̀nà Kamina, ó nà tán, ó sì wò yíká bí àkùkọ tó rò pé òun ló jí oòrùn sáyé.

"Ẹ sọ ohun tó wù yín," ó ní. "Ìbọn ńlá mẹ́ta níwájú, òkè lẹ́yìn, ìdérí mẹ́rìnlá láàárín. Kò sí ẹni tí yóò dé ilé rédíò àwọn Jámánì lónìí."

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni, ọ̀sán tí kì í sí ẹ̀kọ́ nílé ìwé. Abẹ́ igi máńgò ilé àwọn Philippe ní àdúgbò Gnagna, nílùú Atakpamé, ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà. Wọ́n ti ya òkè, odò àti ojú irin sórí bébà àpò sìmẹ́ǹtì, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n sì ń ja ogun ọdún 1914 lákọ̀tun: ìdérí pupa ni àwọn Jámánì, ìdérí yẹ́lò ni àwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ Ọ̀gágun Orí Tábìlì ni wọ́n pe ara wọn. Kò sí ọ̀gágun kan nínú wọn tó fọwọ́ kan ìbọn rí. Àgbò ìyá Philippe tilẹ̀ ti lé Philippe wọlé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn.

"Ìbọn ńlá ò lẹ́sẹ̀," Rosine dá a lóhùn. "Ọkọ̀ ló ń jagun. Ẹ bi mí, mo mọ̀."

"Ọ̀gágun àgbà ti sọ̀rọ̀," Philippe ní, ó kí i bí ológun. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín.

Rosine, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ti ń pè é ní ọ̀gágun àgbà, oyè náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lára mu.

Ohun tó fa oyè nìyí. Ẹgbẹ́ kan wà lórí Wasáàpù, ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn tó fẹ́ràn eré ogun, láti Lomé dé Cotonou dé Abidjan. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa jiyàn. Ààrẹ wo ló yẹ kó ra ọkọ̀ òfuurufú wo? Ẹnubodè wo ló yẹ ká tì? Ta ló dalẹ̀ ta? Ẹni tí kò lè pàṣẹ fún ajá ilé rẹ̀ ń pàṣẹ fún ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọmọ ogun níbẹ̀ kó tó jẹun àárọ̀. Ní Sátidé, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Général Tonnerre, tó fi orí kìnnìún ṣe àwòrán, kọ ọ́ pé pósí ni ọkọ̀ ogun onírin, pé alùpùpù ló ń borí nínú iyanrìn. Rosine ní irọ́ ni. Tonnerre dáhùn pé: "Ọmọbìnrin, padà sídìí ààrò. Níbo lo ti rí ọkọ̀ ogun rí?" Ogójì ènìyàn fi í rẹ́rìn-ín.

Ó dun Rosine dé eegun. Elvis, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ogun ni, ó wà ní àríwá níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ẹnubodè nítorí àwọn agbésùnmọ̀mí. Ó ti fi àwòrán ara rẹ̀ lórí ọkọ̀ ogun ránṣẹ́ sí i rí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé: "Wò ó tán, pa á rẹ́. Má fi han Màmá." Rosine ti wò ó tán. Kò pa á rẹ́. Ó gbé e síwájú ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn: ọkọ̀, ẹnu ọ̀nà àgọ́, òkè tó wà lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ yọ kedere. Tonnerre ní, "Kò lè rin iyanrìn." Rosine kọ ọ́ pé: "Ó ń rìn ín. Aago mẹ́fà àárọ̀ lójoojúmọ́ ló ń gba ojú iyanrìn lọ pọnmi lódò, kò sì tíì rì rí." Tonnerre dákẹ́. Àtàǹpàkò ìyìn ń rọ̀ bí òjò. Orí Rosine wú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba ẹnu ọ̀nà ilé wọn.

Ìdí nìyẹn tó fi ń sọ pé òun mọ̀, nígbà tí Bàbárímisá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wọ inú ọgbà. Ológun àtijọ́ ni bàbá yìí, aládùúgbò àwọn Philippe, kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe báyìí.

"Ta ló ń pọnmi fún àwọn ìdérí wọ̀nyí?" ó bèèrè.

"Bàbá, eré ni," Philippe ní. "Ìdérí kì í mumi."

"Ẹ̀yin ẹ fún mi ní mẹ́ta."

Wọ́n fún un ní ìdérí yẹ́lò mẹ́ta. Kò wo ìbọn ńlá, kò wo òkè. Ó kó wọn sétí odò tí wọ́n yà, ó sì fara ti igi.

"Mo ti borí," ó ní.

"Báwo?"

"Mẹ́rìnlá ni yín, òùngbẹ á gbẹ yín. Mo jókòó sétí omi, mò ń dúró. Ẹni tó bá ń lọ pọnmi ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, fúnra rẹ̀ ló fi ìwé ránṣẹ́ sí ikú pé kó wá pàdé òun."

"Ìyẹn ò sí nínú òfin eré, Bàbá."

"Ikú ò ka òfin eré, ọmọ mi."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Rosine nìkan ló dìde, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ, ó yọ fóònù. Ó wá ibi tí ènìyàn ti lè pa ọ̀rọ̀ rẹ́ fún gbogbo ayé. Àsìkò ti kọjá. Ohun tó kù ni kó pa á rẹ́ fún ara rẹ̀ nìkan, bí olè tó di ojú ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Ó pe Elvis. Ohùn obìnrin inú ẹ̀rọ fi Faransé sọ fún un pé ẹni tó ń pè kò sí lórí afẹ́fẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni Elvis máa ń pe ilé. Ìyá wọn, Màmá Antoinette, gbé fóònù rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ odó, ó gún iyán tán, fóònù ò dún. Wọ́n jẹun tán, kò dún.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni," Màmá ní. "Kí ló ń dà ọ́ láàmú? Alásè ni ẹ̀gbọ́n rẹ. Ta ló ń yìnbọn lu alásè?"

Rosine kó àwo lọ fọ̀. Alásè ni Elvis pe ara rẹ̀ fún Màmá láti ọdún méjì, kí ìyá lè máa rí oorun sùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, Rosine fà Philippe sẹ́yìn kíláàsì, ó sọ gbogbo ẹ̀rù rẹ̀ fún un. "Tonnerre yẹn, amí ni. Ó mọ̀ọ́mọ̀ bí mi nínú kí n lè sọ̀rọ̀ ni."

Philippe wo ilẹ̀. "Pa ẹnu mọ́," ó ní. "Tí o bá sọ ọ́, Elvis ni wọn yóò tì mọ́lé. Ìdánwò Bac tí a ó fi jáde ilé ìwé ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ta ni yóò mọ̀ pé ìwọ ni?"

Ìmọ̀ràn náà dùn. Rosine gbé e mì. Wọ́n jọ jẹ gàrí lọ́sàn-án ọjọ́ náà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó jí ní aago mẹ́fà ọjọ́ Ẹtì, ó sì rí i pé òun ò lè wo aago. Aago mẹ́fà. Wọ́n ń lọ pọnmi báyìí. Ó tún pe Elvis, obìnrin inú ẹ̀rọ tún dá a lóhùn. Ó wọ bàtà, ó sáré lọ bá Philippe.

"Mò ń lọ sọ́dọ̀ Bàbárímisá. Kí wọ́n wá Tonnerre rí kó tó sọ ọ́ fún àwọn ọ̀tá."

Òógùn bo iwájú orí Philippe. "Má lọ. Kì í ṣe amí."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ó bá ọ jẹ gàrí lánàá."

Rosine wò ó.

"Èmi ni," Philippe ní. "Èmi ni mo ní nọ́ńbà kejì, èmi ni kìnnìún. Mo fẹ́ rí ọkọ̀ ogun gidi kí n lè fi agolo ṣe irú rẹ̀ fún eré wa. Mo mọ̀ pé tí mo bá bú ọ, wàá mú un wá."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Rosine. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò sí amí. Òmùgọ̀ kan ṣoṣo ló wà, ẹni tí àgbò ń lé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

"Àmọ́," Philippe ní, "mo ti fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mẹ́rin mìíràn."

"Mẹ́rin?"

"Márùn-ún. Àwòrán àti ọ̀rọ̀ aago mẹ́fà. Inú mi ló dùn. Ẹgbẹ́ kan níbẹ̀, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún, mi ò mọ ẹnì kankan nínú wọn."

Ẹ̀rín gbẹ. Ojú ọ̀nà ilé Bàbárímisá ò jìn, ṣùgbọ́n Rosine rò pé àwọn ò ní dé ibẹ̀ mọ́.

Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán láì pariwo. Ó fi aṣọ nu gírísì ọwọ́ rẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan. "Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ sí àgọ́ ológun."

"Wọn yóò ti ẹ̀gbọ́n mi mọ́lé, Bàbá."

"Ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ṣì ń jẹun. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa bọ̀. A ó kọ́kọ́ ya ilé yín, ìyá rẹ gbọ́dọ̀ mọ̀."

Màmá Antoinette gba fóònù, ó wo àwòrán náà pẹ́. Ọmọ rẹ̀ rèé nínú irin, ìbọn níwájú rẹ̀. Ó yí fóònù sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Níbo ni ìkòkò wà nínú èyí?" ó bèèrè.

Màmá so gèlè rẹ̀ le. "Ó dáa," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ẹ ṣíwájú."

Ní àgọ́, ọ̀gá ológun kan gba fóònù Rosine àti ti Philippe, ó kà, ó gbójú sókè.

"Ta ló kọ èyí?"

Irọ́ ti wà létè Rosine. Ó lè sọ pé wọ́n jí fóònù òun lò. Ó lè na ìka sí Philippe. Ó wo ojú ìyá rẹ̀.

"Èmi ni, ọ̀gá. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́."

"Èmi ni mo tàn án kó sọ ọ́," Philippe ní, "èmi ni mo sì pín in káàkiri."

Ọ̀gá náà wọ yàrá kejì, ó tilẹ̀kùn. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Òjìji òpó àsíá kúrò lápá kan, ó bọ́ sí ìkejì. Nígbà tó jáde, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé.

"Ọmọ mi ńkọ́, ọ̀gá?" Màmá bèèrè.

"Màmá, ẹ máa lọ sílé."

Ọjọ́ Ẹtì lọ, Sátidé lọ. Nínú ilé wọn, kò sẹ́ni tó ń jẹ oúnjẹ tán, kò sẹ́ni tó ń parí gbólóhùn. Rosine ṣí ìwé Bac sílẹ̀, ojú ìwé kan náà ló ń wò fún ọjọ́ méjì. Ní Sọ́ńdè, àárín ìsìn, fóònù Màmá dún nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá ò tilẹ̀ bẹ fádà, ó sáré jáde, Rosine tẹ̀ lé e.

"Màmá, èmi ni."

Màmá di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Alásè, kí lẹ sè lónìí?"

"Ẹ má bínú, Màmá."

Màmá na fóònù sí Rosine, ó yí ẹ̀yìn padà kí wọ́n má rí ojú òun.

"Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló wó ní Ọjọ́rú," Elvis sọ fún àbúrò rẹ̀. "Ìyẹn nìkan ni. Kò sí nǹkan tó ṣe wá."

Rosine mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, nítorí náà, kò tilẹ̀ sí—"

"Gbọ́ mi tán. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni àṣẹ dé bá wa lórí rédíò, a sì yí aago omi àti ọ̀nà padà. Ní àárọ̀ Sátidé, ní aago mẹ́fà, a wà lórí òkè, a ń wo ọ̀nà àtijọ́. Alùpùpù mẹ́ta dúró sétí odò, lábẹ́ igi. Wọ́n dúró fún wákàtí kan. Nígbà tí a ò wá, wọ́n lọ. Ó lè jẹ́ darandaran. Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. A ò ní mọ̀ láyé."

Rosine jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Wọ́n ti yọ orúkọ mi kúrò nínú àwọn tó ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbéga ní oṣù Kẹsàn-án," Elvis ní. "Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọn yóò sì fi tì mí mọ́ inú àgọ́. Ó tọ́ sí mi. Wọ́n ní kí n má ya àwòrán, mo yà á. Mo ní kí o pa á rẹ́, o ò pa á rẹ́. Èmi fẹ́ kí àbúrò mi yìn mí, ìwọ fẹ́ kí àjèjì yìn ọ́. Àwa méjì, Rosine, a fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìyìn pa ènìyàn mẹ́jọ tó wà nínú ọkọ̀ wa."

Ní Ọjọ́ Ajé, Philippe dúró de Rosine lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, ojú rẹ̀ ti rù. "Kí ló sọ? Wọ́n rí ẹnì kan lódò?"

Ìtàn náà wà lẹ́nu Rosine, ó gbóná: òkè, alùpùpù mẹ́ta, wákàtí kan lábẹ́ igi. Ẹgbẹ́ wọn ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọ̀ọ́dúnrún àtàǹpàkò ò ní tó o.

"Ó wà láàyè," ó ní.

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan ni tìrẹ."

Philippe mi orí, kò tún bèèrè. Wọ́n jọ wọ kíláàsì, wọ́n ṣí ìwé.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń kàwé yìí, iyàn jíjà ò burú, eré ò sì burú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí a mọ̀ ló jẹ́ tiwa láti sọ. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀. Ti ayé wa yìí tún burú jù ú lọ: òrofó yóò sọ̀rọ̀ níhìn-ín, ẹyẹ mìíràn ni yóò kú lọ́nà jíjìn. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, má fara pa mọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Tètè sáré lọ sọ ọ́ fún ẹni tó lè yí aago padà.