Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn

"Ẹnu márùn-ún ni mo gbé wọnú yàrá yìí, Òkìkí! Méjì péré ló ń sọ̀rọ̀! Àwọn mẹ́ta tó kù ńkọ́? Ṣé ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà ni?"

Ohùn Adéjọbí fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù lórí ilé. Òkìkíolúwa kò yọjú lábẹ́ tábìlì. Wáyà ti lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ bí okùn ewúrẹ́ tó yí èèkàn po títí tí kò fi ríbi yà mọ́. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé yìí ló ti wà níbẹ̀, aago mẹ́wàá sì ti fẹ́ẹ́ lù.

"Bàbá kékeré, ẹ ní sùúrù. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

"O mọ̀ ọ́n láago mẹ́jọ. O mọ̀ ọ́n láago mẹ́sàn-án. Ìmọ̀ tó pọ̀ tó báyìí, kí ló dé tí kò dún?"

Àbúrò bàbá Òkìkí ni Adéjọbí, epo pupa ló ń ṣe ní Àyèká. Òun ló ra hóòmù tíátà náà: rìsífà dúdú kan tó yẹ kó máa gba ohùn láti inú kọ̀ǹpútà Òkìkí, àti sípíkà márùn-ún. Bó ṣe rí i nínú àwòrán tó bá páálí wá ló ṣe tò wọ́n: mẹ́ta síwájú, méjì sẹ́yìn, àga kan láàárín. Orí àga yẹn ni ìyá rẹ̀, Màmá Morádéyọ̀, jókòó sí. Láti ìdájí ni ìyá arúgbó náà ti wọ sùtánà funfun tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, láìwọ bàtà, bí ẹni pé pálọ̀ ti di ilé àdúrà. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní, "Mò ń retí àlejò."

Gbogbo ilé ló mọ àlejò náà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí ojú Màmá ti fọ́, ṣùgbọ́n kò torí ìyẹn kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Àbúrò rẹ̀, Àrìnkẹ́, ló máa ń dúró sẹ́yìn rẹ̀ lápá òsì, tí í sọ ìlà orin sí i létí jẹ́jẹ́ kí ìjọ tó gbé e. Ìlà kan, ìlà kan, títí orin á fi parí. Àrìnkẹ́ kú lọ́dún tó kọjá. Kó tó kú, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan wá gba ohùn ẹgbẹ́ akọrin náà sílẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ agbohùn síwájú, ó tún gbé òmíràn sẹ́yìn. Ó ní bí sípíkà márààrún bá sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ, ibi tí oníkálukú dúró sí ni ohùn rẹ̀ yóò ti jáde. Lẹ́yìn náà ni olè jí kọ̀ǹpútà ọmọ ọlọ́mọ gbé. Inú fíláàṣì kékeré tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ti fún wọn, èyí tó wà lọ́wọ́ Òkìkí, nìkan ni ohùn Àrìnkẹ́ kù sí láyé.

"Ẹnjiníà" ni wọ́n ń pe Òkìkí ládùúgbò. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó tún fáànù ṣe, ó tún rédíò ṣe. Orí fóònù ló ti kọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tó burú ni pé kò tíì kọ́ bí a ṣe ń sọ pé, "Mi ò mọ̀."

"Ẹ kú ilé o!"

Dora ni. Kíláàsì kan náà ni òun àti Òkìkí, ilé wọn ò sì ju igi mángòrò kan síra wọn lọ. Ẹja gbígbẹ tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí Màmá ló gbé wá. Ó gbé ẹja sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ojú rẹ̀ bá wáyà tó wà lọ́wọ́ Òkìkí. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ihò tí a ń ki wáyà etí bọ̀ lo ki èyí sí? Òkìkí, ohùn méjì péré ni wáyà olórí méjì yẹn lè rù. Òsì àti ọ̀tún, ó parí. Ọ̀kadà ni, o wá fẹ́ kó ìdílé mẹ́ta lé e!"

Adéjọbí bá a rẹ́rìn-ín. Ara Òkìkí gbóná.

"Ta ló bi ẹ́?"

"O ò bi mí, mo ń sọ fún ẹ. Wáyà HDMI, èyí tó lè ru ohùn púpọ̀, ni wàá lò. Ki ẹnu kan bọ kọ̀ǹpútà, ki ìkejì bọ rìsífà. Kí o wá wọ ibi ètò ohùn, kí o sọ fún kọ̀ǹpútà pé sípíkà márùn-ún ló wà nílé yìí, torí méjì lòun mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní wáyà náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ n'Ígbótako. Mò ń lọ síbẹ̀ báyìí. Tó bá fi máa di aago mẹ́ta, mo ti dé."

"Lọ jókòó ti ẹja ìyá ẹ jàre."

"Òkìkí." Màmá kò gbé ohùn sókè. "Mo ti retí fún ọdún kan. Aago mẹ́ta ò jìnnà. Jẹ́ kí ọmọ náà lọ gbé e wá."

"Ẹnjiníà!" Adéjọbí ti ń wọ bàtà, ó ń padà síbi epo rẹ̀. "Dora ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ o! Bó bá dé, kí o bá a gbé báàgì!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún un. Ká ní ó lù ú ni, ì bá sàn.

Dora gun ọ̀kadà lọ. Màmá tòògbé lórí àga. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ilé, Òkìkí náà ń kùn. Dora! Dora tó ń wo ìwé òun níjọ́sí kó tó mọ ìdáhùn ìṣirò! Tí aago mẹ́ta bá lù, Dora ni yóò ki wáyà bọ rìsífà, Dora ni wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún.

Ó gbé fóònù. Ó wá kiri orí rẹ̀ títí ó fi rí ètò kan tó lè fún ohùn márùn-ún pọ̀ di méjì. Bí wáyà ò bá lè ru márùn-ún, kí márùn-ún kúkú di méjì! Ó gbé ètò náà wọ kọ̀ǹpútà, ó ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, ó tẹ ètò náà. Kọ̀ǹpútà bá bi í léèrè: ààyè ò tó nínú fíláàṣì fún ẹ̀dà méjì, ṣé kí tuntun rọ́pò ti àtijọ́?

Ìka rẹ̀ dúró sókè. Tíṣà wọn ti sọ ọ́ títí ẹnu fi bó o: ẹ ṣe ẹ̀dà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó wo inú kọ̀ǹpútà bóyá ààyè wà níbẹ̀. Fíìmù mọ́kànlélógún àti géèmù bọ́ọ̀lù ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Bó bá pa fíìmù méjì péré rẹ́, ààyè á wà. Ó ka orúkọ wọn lọ, ó kà wọ́n bọ̀. Kò tíì wo àwọn yẹn tán.

Ó tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni."

Lẹ́yìn ìyẹn ló mú rìmóòtù rìsífà, ó ń tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́yìn òmíràn. Lójijì, sípíkà márààrún bú sórin lẹ́ẹ̀kan náà. Ògiri gbọ̀n. Adéjọbí sáré wọlé pẹ̀lú epo lọ́wọ́.

"Ẹnjiníà! Ẹnu márààrún! Ọmọ yìí, o ṣe é!"

Òkìkí ń rẹ́rìn-ín títí dé etí. Màmá gbé ọwọ́ sókè sí wọn. Ó yí orí sí èjìká òsì rẹ̀, ó tẹ́tí, ó sì tún tẹ́tí.

"Àrìnkẹ́ dà?"

"Màmá, gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ nísinsìnyí!"

"Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ẹni márùn-ún tó ń sọ ohun kan náà, ẹnì kan ni wọ́n. Ojú ni mi ò ní, Òkìkí. Etí mi ò di."

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Dora wọlé, eruku ọ̀nà Ígbótako kún irun rẹ̀. Kò bẹ́nikẹ́ni jà. Ó ki wáyà bọ kọ̀ǹpútà, ó ki ẹnu kejì bọ rìsífà, ó wọ ibi ètò ohùn. Ó ní kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn gbogbo sípíkà wò. Tíìn, níwájú lósì. Tíìn, láàárín. Tíìn, níwájú lọ́tùn-ún. Tíìn, lẹ́yìn lọ́tùn-ún. Tíìn, lẹ́yìn lósì.

Màmá dìde dúró. "Ibẹ̀ yẹn! Ibẹ̀ gan-an ló máa ń dúró sí! Dora, ọmọ mi, gbé orin náà sí i!"

Orin bẹ̀rẹ̀. Àwọn tiwájú kọ ọ́. Àwọn tẹ̀yìn dákẹ́ rọ́rọ́. Dora tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì yíjú díẹ̀díẹ̀.

"Òkìkí, ohùn méjì ló wà nínú èyí. Èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn fún yín dà?"

Òógùn bo ọmọkùnrin náà. "Mo... mo fi èyí rọ́pò rẹ̀."

"Yọ ọ́ padà!" Adéjọbí ké.

"Kò ṣeé yọ mọ́, sà," Dora wí, ojú rẹ̀ ti kún fómi. "Ó ti dà bí iyọ̀ inú ọbẹ̀."

Adéjọbí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú epo lọ́wọ́. "Abéèrè kì í ṣìnà. Ìwọ, wọ́n sọ ọ̀nà fún ọ láìbéèrè, o ṣì forí lé igbó. Nítorí àtẹ́wọ́."

Màmá ṣì wà lórí ìdúró, èjìká òsì rẹ̀ kọ sí ibi sípíkà tó dákẹ́.

"Ọdún kan ni mo fi dúró," ó wí. "Wákàtí márùn-ún ni ìwọ ò lè dúró."

Ó gbé ọwọ́ sí ọrùn sùtánà rẹ̀, ó ń wá bọ́tìnnì. Òkìkí sáré dìde láti ràn án lọ́wọ́. Ìyá àgbà ti ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Kì í ṣe ìwọ. Dora, wá bá mi bọ́ aṣọ yìí. Àlejò mi ò wá mọ́."