'Bẹ́ẹ̀ Kọ́' Tí Kíákíá Tẹ̀

"Kíákíá, má sáré tẹ̀ ẹ́ o! Wo ìwé kí o tó dáhùn."

Àǹtí rẹ̀ ló ń kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń jáde lọ sí báńkì. Oníṣirò owó ni, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà nísinmi iléèwé sì ń ràn án lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì. Kíákíá ni gbogbo ilé ń pe ọmọ náà, nítorí bó bá ń fọ abọ́, ọṣẹ kì í ráyè hó.

Ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà tó ń gbani nímọ̀ràn. Àwọn àgbà oníṣirò ló kó ọgbọ́n orí wọn sínú rẹ̀: bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ṣe báyìí, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ṣe tọ̀hún. Yóò bi ọ́ ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn rẹ ni yóò sì fi pinnu. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ oníbúrẹ́dì kan ló wà níbẹ̀: ṣé kó ta ọkọ̀ rẹ̀ kejì ni, àbí kó máa lò ó lọ?

"Ṣé ọkọ̀ yìí ṣì ń mú èrè wọlé?"

Ìdáhùn wà nínú fáìlì kan tó nípọn. Kíákíá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nawọ́ sí i ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé.

"Ṣé o ò wá mọ́ ni? Bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀!"

"Mo ń bọ̀!" Ó fi fáìlì sílẹ̀, ó tẹ 'bẹ́ẹ̀ kọ́', ó sì sáré jáde. Kọ̀ǹpútà ní kí wọ́n ta ọkọ̀ náà. Iṣẹ́ ti wọ Àǹtí lọ́rùn, òun náà ò yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fi ránṣẹ́ sí oníbúrẹ́dì.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá Kíákíá wọlé lọ́sàn-án gangan, ó sì rọra jókòó.

"Bàbá, ṣé ara yín ò yá ni?"

"Ara mi yá. Oníbúrẹ́dì tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ti ta ọkọ̀ tí mò ń wà. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà sọ pé kò mérè wá." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọkọ̀ tí mò ń di búrẹ́dì kún ní ìdájí, tí mò ń wà bọ̀ lófìfo!"

Kíákíá sáré lọ bá Àǹtí, wọ́n sì bi kọ̀ǹpútà léèrè ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Kò fi nǹkan kan pa mọ́: "Nítorí pé ẹ sọ pé ọkọ̀ náà kò mú èrè wọlé mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, Àǹtí. Mi ò wo fáìlì."

Wọ́n yí ìdáhùn padà. Lójú ẹsẹ̀, kọ̀ǹpútà ní, "Ẹ má tà á." Àǹtí pe oníbúrẹ́dì, ó bẹ̀ ẹ́ títí, ṣùgbọ́n ẹni tó ra ọkọ̀ ti wà á lọ, kò sì ní dá a padà.

Kíákíá kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó jẹ́wọ́.

"Dìde," Bàbá wí. "Ṣé bọ́ọ̀lù ọ̀hún dùn?"

Ẹkún ni Kíákíá ń sun.

Bàbá ṣì ń jí ní ìdájí. Á wẹ̀, á wọ bàtà, á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kíákíá á máa wò ó, kò sí ohun tó lè ṣe. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó gba ọgbọ́n àgbà pàápàá ò mọ̀ ju ohun tí a bá sọ fún un lọ. Ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ tó dáhùn, ẹ ṣí fáìlì.