Orúkọ Tí Àdìsá Fi Ń Bú Ènìyàn

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá Àdìsá, ṣùgbọ́n Niamey, olú ìlú Niger, ni wọ́n bí Àdìsá fúnra rẹ̀ sí. Ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ọjà Katako níbẹ̀. Ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ, àmọ́ ó ti pẹ́ tí ó ti kúnlẹ̀ gbàdúrà kẹ́yìn. Nǹkan mìíràn ló gba ọkàn rẹ̀.

Nǹkan náà ni Linux, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó sì lè ṣí inú rẹ̀ wò. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n Àdìsá sọ ọ́ di ohun ìgbéraga. Ó wà nínú ẹgbẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Gardien, ìyẹn "ẹ̀ṣọ́" ní èdè Faransé, ló ń jẹ́ níbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ pé òun ni. Ẹni tó bá sọ pé Windows, ètò tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan ń tà, lòun ń lò, Àdìsá á pè é ní ẹrú. Bí onítọ̀hún bá dákẹ́, inú Àdìsá á dùn pé òun ti borí.

Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Maîtresse, ìyẹn "olùkọ́ obìnrin", gbé ètò kékeré kan síbẹ̀, èyí tó ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò ní èdè Zarma tí wọ́n ń sọ ní Niamey. Ó mú apá kan rẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn, ó sì gbàgbé láti kọ orúkọ ẹni náà síbẹ̀ bí ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà ti wí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Àdìsá fi bú u. "Olè tí kò mọ̀wé ni ọ́," ló kọ. Onítọ̀hún tọrọ àforíjì, Àdìsá kò gbà. Nígbà tó yá, Maîtresse pa ètò náà rẹ́, ó sì kúrò nínú ẹgbẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Fọlákẹ́ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àdúgbò Lazaret ní Niamey ni òun àti Àdìsá ti jọ dàgbà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò lẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé rẹ̀.

"Bọ̀dá Àdìsá, ẹ bá mi tà á."

"Kí lo wá máa fi kọ́ àwọn ọmọ?"

"Mo ti dá ẹ̀kọ́ náà dúró. Mo ṣe ètò ìṣirò kan fún wọn, ẹnì kan tó ń jẹ́ Gardien sì pè mí lólè lójú gbogbo ayé. Mo ṣàṣìṣe lóòótọ́. Àmọ́ n kò lè dúró níwájú àwọn ọmọ yẹn mọ́."

Àdìsá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà náà. Kò lè gbójú sókè.

"Ṣé o ò ṣépè fún un?"

"Rárá. Àràárọ̀ ni mò ń gbàdúrà fún un. Jésù tó dárí jì mí lè dárí ji òun náà."

Fọlákẹ́ ti ń lọ kí Àdìsá tó lanu sọ̀rọ̀. "Fọlákẹ́, èmi ni Gardien."

Fọlákẹ́ wò ó. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì lọ.

Àdìsá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan. Ó ka gbogbo ohun tó ti kọ láti ọdún méjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ìtìjú sì bò ó. Ó ti rò pé òtítọ́ lòun ń gbèjà, kò mọ̀ pé ara òun lòun ń sìn. Ó wólẹ̀. "Jésù, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Ṣàánú mi." Lẹ́yìn náà ló kọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an sínú ẹgbẹ́ náà, tí ó sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo.

Ní ọjọ́ kẹta, Fọlákẹ́ padà wá. "Ó ṣì ń dùn mí, Bọ̀dá Àdìsá. Ṣùgbọ́n mo ti dárí jì yín. Ẹ wá bá mi tún ètò náà ṣe."

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, kí lo kọ sí ẹnìkejì rẹ lánàá? Má sọ pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Ó lẹ́ni tó ń sunkún nítorí rẹ̀ níbì kan, Ọlọ́run sì rí ọwọ́ tó kọ ọ́. Síbẹ̀, torí irú wa ni Jésù ṣe kú. Gbé fóònù rẹ kalẹ̀ báyìí, kí o sì kúnlẹ̀. Kò ní lé ọ padà.