Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Lẹ́nu Bàbá

"Ẹyin ni Bàbá ń béèrè! Màmá, ẹ bá wa se ẹyin kíá!"

Àkọ́bí ilé ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti inú yàrá. Rédíò ni ìnagijẹ rẹ̀, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Màmá sáré lọ sí ìdí sítóòfù. Nígbà tí ẹyin jinná tí wọ́n gbé e dé iwájú Bàbá, ọkùnrin náà fi ọwọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ti àwo náà dànù.

"E... yin," ló tún wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yìn ni! Ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n!" Àǹtí, àbúrò Bàbá tó ń ṣe irun, ti mú òróró dé. Ó yí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dojú dé, ó ń ra á lẹ́yìn bí ẹni ń fọ ṣòkòtò jíǹsì. Bàbá fi igbe ta.

Oṣù méjì nìyí tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lu Bàbá. Káfíńtà tí ohùn rẹ̀ máa ń borí ariwo ayùn wá di ẹni tí ahọ́n rẹ̀ wúwo bí òkúta. Ohùn òkè ni o, ohùn ìsàlẹ̀ ni o, kò lè gbé ọ̀kankan mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ wọ́ wálẹ̀. Ó sì di ọjọ́ kẹta tí kò jẹun, tí kò lo oògùn.

Ọmọbìnrin Bàbá, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Nínú ilé tí gbogbo ènìyàn ti máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òun nìkan ni ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu. Màmá ti sọ ọ́ títí: "Túra ká, ọmọ mi! Báwo ni aráyé yóò ṣe mọ̀ pé o wà?" Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ ti rí ohun kan. Bàbá a máa mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Bí omi tútù bá kàn án lẹ́nu, ojú rẹ̀ á fún pọ̀.

"Màmá," ló bẹ̀rẹ̀, "bóyá kì í ṣe..."

"Ìwọ kẹ̀?" Rédíò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ọjọ́ wo lo di dókítà?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Dídákẹ́ ló rọrùn fún un.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara Bàbá gbóná janjan. Nọ́ọ̀sì tó wá wò ó mirí. "Bí wọn kò bá jẹun títí di ọ̀sán, a ó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, a ó ti rọ́bà bọ̀ wọ́n nímú láti fi fún wọn lóúnjẹ."

Ariwo sọ ní pálọ̀. Àǹtí ní òun kò gbà, Rédíò ní kò sí ọ̀nà mìíràn, Màmá ń sunkún pé ayé ti sú ọkọ òun. Jẹ́jẹ́ yọ́ wọ yàrá Bàbá, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì. Kò béèrè ohunkóhun. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

"E," ni Bàbá wí. Jẹ́jẹ́ kò bá a parí rẹ̀. Ó pẹ́.

"Yin." Ó tún pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ọ̀tún gbọ̀n wá sókè, díẹ̀díẹ̀, títí ìka kan fi wọ ẹnu lápá òsì.

"Eyín ni, àbí, Bàbá mi?"

Bàbá mí kanlẹ̀, ó gbá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

Jẹ́jẹ́ jáde sí pálọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́," ló wí pẹ̀lú ohùn rẹ̀ kékeré. Gbogbo wọn yíjú sí i. "Eyín ló ń dun Bàbá."

Rédíò tan iná fóònù sí ẹnu Bàbá. Eyín kan ti dúdú lọ́hùn-ún, ìdí rẹ̀ ti wú, ó ti ń ṣe ọyún. Wíwọ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọ́ ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni dókítà eléyín yọ ọ́. Ó ní bó bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀ràn ẹ̀mí ni ì bá dà. Nírọ̀lẹ́, Bàbá mu ẹ̀kọ abọ́ méjì, ó sì sùn lọ fọnfọn. Màmá jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún pa pọ̀.

"Àbúrò mi, má bínú," Rédíò wí. "Ariwo mi ni kò jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan."

"Èmi náà jẹ̀bi, Bọ̀dá. Àná ló yẹ kí n ti sọ ọ́."

Àǹtí mirí. "Ẹnu pọ̀ nílé yìí o. Etí la ò ní tó."

Òótọ́ ló sọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó dákẹ́ ni kò ní ọ̀rọ̀. Òmíràn ń gbọ́ ohun tí ariwo kò jẹ́ kí àwa yòókù gbọ́ ni. Ẹ má fi irú wọn ṣẹ̀sín. Ìwọ tí o sì jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, má ṣe gbé ọ̀rọ̀ tó lè gba ẹ̀mí là mì. Bí ohùn rẹ bá tilẹ̀ kéré, ṣáà sọ ọ́.